Èmi Ni Mo Kọ Fọ́ọ̀mù Bàbá Ràímì

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ń wá ọ̀dàlẹ̀ kan. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta pé kí wọ́n wá a jáde kó tó di Ọjọ́bọ̀. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà... èmi náà sì ni ọ̀dàlẹ̀ ọ̀hún. Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Admin, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, ẹ má sì sọ kánsù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi yín ní kọ̀rọ̀, torí Òkè-Ògùn yìí kò tóbi tó bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe rò. Ẹni tó bá sín ní Ìsẹ́yìn, wọ́n á ti máa kí i ní pẹ̀lẹ́ ní Ṣakí. Gbogbo orúkọ tí mo bá dá níbí, mo ti yí i padà. Ohun tí mo lè sọ nípa ara mi ni pé obìnrin ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ilé ahunṣọ ni mo fẹ́ ọkọ sí ní Ìsẹ́yìn, kíláàkì sì ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan tí bọ́ọ̀sì máa ń gbé mi lọ láràárọ̀. Ọdún kẹrìnlélógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́. Èmi tún ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka tiwa. Tí lẹ́tà bá ti ní láti dùn, èmi ni wọ́n ń gbé e fún.

Ẹnu mi ni ìṣòro mi. Mo fẹ́ràn yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tí mi ò fún ní orúkọ ní sẹkitéríàtì wa. Ọ̀gá ẹ̀ka ìnáwó, Bàbá Lọ́la ni mo ń pè é, torí kò sí ohun tí ẹ lè gbé dé iwájú ẹ̀ tí kò ní ní kí ẹ gbé wá lọ́la. Alága ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ṣakí ni, ohùn ẹ̀ ga débi pé tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí nínú ọ́fíìsì, àwọn tó ń ra èlùbọ́ lẹ́nu géètì á mọ ibi tọ́rọ̀ dé, èmi ni mo sọ ọ́ ní Kọ́mírédì Aláìlo-Gbohùngbohùn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àwọn tí mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ibi tí mo bá wà, ọjọ́ kì í gùn. Mo ti fi àwàdà jẹun láàárín wọn fún ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwàdà máa jẹ èmi náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Bàbá Ràímì. Òun ni mẹ́sẹ́ńjà àgbà ní kánsù wa, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Ọ̀kadà ara ẹ̀ ló fi ń pín lẹ́tà láti ìgbà tí ti kánsù ti kú. Iléèwé, ilé ìtọ́jú aláìsàn kéékèèké, ilé àwọn baálẹ̀, àwọn abúlé tó wà ní òdìkejì odò Òfìkì... kò sí ibi tí kì í dé, nínú ọyẹ́, nínú òjò. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé: Bàbá Ràímì kò mọ̀wé kà. Ọkùnrin tó ti ń gbé lẹ́tà kiri láti bí ọgbọ̀n ọdún, kò mọ A yàtọ̀ sí B. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní kánsù àyàfi èmi.

Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni mo mọ̀. Ó gbé lẹ́tà mẹ́rin wá sórí tábìlì mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n bá òun wo orúkọ ara wọn, òun gbàgbé gíláàsì òun sílé. Lọ́jọ́ kejì, gíláàsì tún wà nílé. Lọ́jọ́ kẹta... ẹ̀yin èèyàn mi, Bàbá Ràímì kò ní gíláàsì kankan rí láyé ẹ̀. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn orúkọ náà bí ẹni tó ń ṣòfófó, pé hẹ̀n-ẹ́n, wọ́n tún ti kọ̀wé sí hẹ́dímásítà yẹn, kí ló tún ṣe, èyí ti baálẹ̀ ìkọjá odò rèé, ó jọ pé wọ́n fẹ́ pè é sí ìpàdé. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni yóò máa fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan há àárín ìka ọwọ́ òsì ẹ̀, ti ibi tó sún mọ́ á wà lẹ́bàá àtàǹpàkò, ti ibi tó jìn jù á wà lẹ́bàá ìka tó kéré jù. Báyìí ló máa há wọn mọ́ ìka dé ìdí ọ̀kadà, ibẹ̀ ló ti máa tò wọ́n sínú báàgì bí ojú ọ̀nà ṣe lọ. Láàárọ̀ láàárọ̀ fún ọdún méjìlélógún. Kò fún ẹni tí kò ni ín ní lẹ́tà rí. Tó bá sì di àkókò ìsinmi, á ṣí ìwé ìròyìn HOD, ọ̀gá ẹ̀ka wa, á máa mi orí. Tí wọ́n bá bi í pé Bàbá, kí ni wọ́n wí, á ní ìròyìn àná náà ni, déètì ni wọ́n yí. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Bàbá yìí mọ òṣèlú. Èmi nìkan ni mo máa wolẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, pé kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ tó ń ṣe láti àárọ̀ títí ọ́fíìsì á fi tì. Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹ bá mi jẹ́rìí, ta ló ń ka fọ́ọ̀mù? Fọ́ọ̀mù ìgbéga tí a kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́nu géètì ló fi ń dì í fún wa, mo ti fi ojú ara mi rí tèmi tí epo ti gba ibi tí mo buwọ́ lù. Ọdún kan wà tí wọ́n ní kí n kọ ìṣòro tí mo ní lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ ọ́ pé ọkọ mi ń hanrun, wọ́n gbé mi ga lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹ sọ fún mi, kí ni mi ò bá gbà gbọ́?

Mo kọ́kọ́ kọ tèmi lọ́jọ́ náà. Tèmi o... mo kó gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ mi ní iléèwé sí i, kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀, bí ẹni tó ń kọ̀wé sí gómìnà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ni kì í jẹ́ kí n lè wo ojú ara mi nínú dígí. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ràímì gbé tiẹ̀ wá, ó ti ilẹ̀kùn díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní Ìyá Akọ̀wé, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Iná ò sí, oòrùn mú bí ẹni pé páànù fẹ́ yọ́ lé wa lórí, ẹ̀fẹ̀ sì gùn mí. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni mo fi kọ ọ́, òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ohun tó wí rèé: Tí mo bá dé ní aago mẹ́jọ, mo máa ń gbé fáìlì láti yàrá kejì lọ sí yàrá kẹta. Wọ́n á ní kí n gbé e wá lọ́la. Tí ilẹ̀ bá mọ́, èmi àti fáìlì á tún jọ lọ. Mo ti ń tọ́ fáìlì yìí láti kékeré, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni tó ń gbéyàwó. Láti aago mẹ́wàá di méjìlá, mo máa ń jókòó sórí àga mi kí ẹlòmíràn má baà jókòó lé e. Tí oòrùn bá kan àtàrí, mo máa ń wo ọ̀nà géètì bóyá ìjọba ń bọ̀. Tí mi ò bá rí i, mo máa ń lọ sílé.

Mo kà á fún un, mo túmọ̀ ẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín débi tó fi di etí tábìlì mú. Ìgbà tó nu ojú tán ló wá bi mí pé ṣé èyí tí wọ́n máa kà náà nìyí. Mo ní Bàbá, ta ló máa kà á? Ó ní ó dáa, ẹ̀yin lẹ mọ ojú ìwé. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó buwọ́ lù ú, ìbuwọ́lù tí èmi fúnra mi kọ́ ọ lẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Ó bi mí. Bébà wà níwájú mi, àyè wà fún mi láti fà á ya kí n kọ òmíràn. Mo sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi ni mo mọ̀ pé ọdún tí àgbàrá gbé afárá lọ, ó so báàgì lẹ́tà mọ́rí, ó wọ́dò, torí pé ìwé àwọn tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn, mo wá ń kọ fáìlì tó ń gbéyàwó.

Nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni sákúlà jáde láti Ìbàdàn. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, mẹ́sẹ́ńjà, kílínà, ọlọ́dẹ àti táípíìsì kò ní ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́, Òṣìṣẹ́ Ìrànwọ́ Ọ́fíìsì ni gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni, à bá fi rẹ́rìn-ín lásán. Àmọ́ ìdí sákúlà náà ni ọ̀rọ̀ wà: wọn ò ní jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó fìdí múlẹ̀ mọ́, ọdún kan kan ni wọ́n á máa fún wọn níwèé, tí ọdún bá pé, tó bá wu ìjọba kó tún un ṣe, tí kò bá wù ú kó ní ó dàárọ̀. Èèyàn mọ́kànlá ni ó kàn ní kánsù tiwa. Èmi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ti kíláàkì gba ìmọ̀.

Ẹgbẹ́ yarí. Alága pè wá jọ sábẹ́ igi emi tó wà lẹ́yìn sẹkitéríàtì, ó sọ̀rọ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ tó wà níbẹ̀ sá. A fi ewé tútù há géètì fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó wọlé. Ìyá Síkírá tó ń ṣe kílínà dìde, ó ní tó bá jẹ́ ìrànwọ́ lásán lòun ń ṣe, kí òun fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná, kí á wo ọ̀gá tí ilé ìyàgbẹ́ máa kọ́kọ́ lé sílé. Ẹ ò rí ẹ̀rín lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ sí ìjọba, mo jókòó, mo kọ ọ́, kò tí ì sí lẹ́tà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ mi. Mo kọ ọ́ pé mẹ́sẹ́ńjà ni ẹsẹ̀ kánsù, pé láìsí wọn ọ̀rọ̀ ìjọba kò lè dé etí ará oko. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti gbàgbé fọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá sì ní irọ́ ni mò ń pa, mi ò lè bá yín jà, torí èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì wa mú wọn gbà láti bá wa jókòó. Ìpàdé wáyé nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìsẹ́yìn, ẹgbẹ́ lápá kan, àwọn aṣojú ìjọba láti Ìbàdàn lápá kejì, gbogbo àwọn mọ́kànlá jókòó sẹ́yìn. Alága ka lẹ́tà tí mo kọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan láàárín àwọn ti Ìbàdàn, ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù, ó ní àwọn gbọ́ o, ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ṣé kí àwọn náà ka ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ yín fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ nípa iṣẹ́ ẹ̀. Ó yọ bébà kan. Ó dárúkọ Bàbá Ràímì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹ̀yin èèyàn mi... ẹ ti gbọ́ kí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí máa sọ ọ̀rọ̀ ẹnu yín rí? Ó ka ti yàrá kejì sí yàrá kẹta. Ó ka ti lọ́la. Nígbà tó dé ibi fáìlì tó ń gbéyàwó, àwọn ti Ìbàdàn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ gbá tábìlì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín mú àwọn tiwa náà. Ètè mi ń sọ gbólóhùn tó kàn kí obìnrin náà tó kà á, mo ní láti fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá Ràímì jókòó gbọnrangandan. Kò lè ka ohun tó wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, àmọ́ ẹ ẹ̀ mọ etí Bàbá, ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í lọ. Láti gbólóhùn kejì ló ti mọ̀. Kò wò mí. Iwájú ló ń wò títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. Obìnrin náà ká bébà, ó ní ṣé ẹsẹ̀ kánsù tí ẹ wí nìyẹn.

Ìpàdé tú ká. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sí kánsù, a ò tí ì kúrò ní Ìsẹ́yìn tí gbogbo wọn fi jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní Bàbá Ràímì ti ta wá. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí kì í fi í pariwo ní ìpàdé, wọ́n ní wọ́n ti ṣèlérí ibì kan fún un lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ìyá Síkírá tí wọ́n jọ ń jẹun, tó ń fi ìṣáná ẹ̀ dáná, ó dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó lọ jókòó lórí báàgì èlùbọ́ ẹnìkan. Alága bi í pé Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ nǹkan yẹn. Bàbá ní orúkọ òun ló wà níbẹ̀, ìwé òun ni. Alága ní ta ló rán yín, ta ló bá yín kọ ọ́. Mo jókòó sí ìlà iwájú, mo ń wo ẹ̀yìn orí dírẹ́bà, mo ń ka irun orí ẹ̀. Bàbá ní ohun tí òun bá ti buwọ́ lù, òun ò ní sọ pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Kí ló dé tí kò dárúkọ mi? Mo ti bi ara mi títí. Ṣé èmi ló ń bò láṣìírí ni àbí ara ẹ̀? Torí tó bá ní èmi ni mo kọ ọ́, ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló dé tí ẹ ò fúnra yín kọ ọ́. Wọ́n á sì mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ìwé ìròyìn HOD á bàjẹ́ lójú kan. Àbí àwa méjèèjì ló ń bò? Ìgbà míì mo máa ń ní ó ń ràn mí lọ́wọ́, ìgbà míì mo máa ń ní ó ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nà mí.

Wọ́n yan ìgbìmọ̀. Alága, ọ̀gá ọlọ́dẹ, àti èmi, torí wọ́n ní èmi ni mo mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tí kò fẹ́ràn mi. Alága sọ ohun méjì fún wa. Ó ní àkọ́kọ́, tó bá lè hàn gbangba pé kì í ṣe Bàbá Ràímì ló sọ ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù yẹn, pé ẹnìkan ló kọ ohun tó wù ú fún un, àwọn ti Ìbàdàn ti ní àwọn á gbé e kúrò nílẹ̀, àwọn á wá fi ojú ara wọn wo iṣẹ́ àwọn mọ́kànlá kí àwọn tó ṣe ìpinnu. Mo gbọ́ ìyẹn, ọkàn mi fò. Ó ní ìkejì, ẹni náà, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, ìwé ìjọba ló kọ irọ́ sí, ẹgbẹ́ kò ní dá sí i, kódà ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀ ló máa mú un lé wọn lọ́wọ́. Tí a ò bá sì rí ẹnì kankan títí Ọjọ́bọ̀, a máa yọ Bàbá Ràímì kúrò nínú ẹgbẹ́, a máa kọ̀wé pé òun nìkan ló wí tẹnu ara ẹ̀, kí ìjọba ṣe tiẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, ká lè rójú gbèjà àwọn mẹ́wàá tó kù. Ó ní Ìyá Akọ̀wé, ẹ bá wa kọ kúẹ́rì sí i, kí ó fèsì ní ọjọ́ méjì. Mo ní ó dáa, Kọ́mírédì. Ó dáa ni mo ní o. Mo jókòó, mo kọ kúẹ́rì. Gẹ̀ẹ́sì tó le jù tí mo ní ni mo kó sí i, bóyá ẹ̀rù ló kó o sí mi lọ́wọ́, bóyá mo rò pé tó bá le tó, kò ní jọ ọwọ́ mi.

Mi ò tí ì sọ fún ọkọ mi. Lọ́jọ́ Àìkú mo jókòó tì í nídìí òfì, mo ní tí òwú bá já láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ ńkọ́, tí èèyàn ò rí i àfìgbà tó hun ún jìnnà. Ó ní yóò tú u. Mo ní ṣé kò lè fi kóko dì í níbi tó dé. Ó ní ó lè fi dì í, ẹni tó bá ró o ló máa rí i. Ó wá wò mí, ó ní ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀ aṣọ. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní mo fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní báyìí, ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín lónìí rèé. Láàárọ̀ yìí, Bàbá Ràímì wọlé bó ṣe máa ń wọlé. Kò sẹ́ni tó ń kí i mọ́ ní kọ́rídọ̀, mo gbọ́ bàtà ẹ̀ látòkèèrè torí pé gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó kó lẹ́tà sórí tábìlì mi, márùn-ún ni. Ó na ọwọ́ òsì ẹ̀ sílẹ̀, ó ya àwọn ìka ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ òfófó mi, ohùn mi ò dùn, mo ní èyí ti iléèwé ẹnu ọ̀nà rèé, ó há a. Èyí ti nọ́ọ̀sì rèé, ó há a. Èyí ti baálẹ̀, èyí ti ìkọjá odò. Mo mú ìkarùn-ún. Mo wo orúkọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀... èmi ni mo kọ orúkọ yẹn. Alága ti ju kúẹ́rì náà sáàárín lẹ́tà tó ń jáde, torí mẹ́sẹ́ńjà náà ló ń pín in. Bàbá dúró, ó ti tún ọwọ́ ṣe, ó ń dúró de ibi tí èyí náà máa bọ́ sí lójú ọ̀nà. Ó ní Ìyá Akọ̀wé, níbo ni ti èyí, ṣé ó kọjá odò ni?

Mo ní Bàbá, tiyín ni.

Ó wo ìwé náà. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní ẹ kà á fún mi. Mo kà á. Gẹ̀ẹ́sì líle tí mo fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀, mo ní láti máa tú u sí Yorùbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tí mo kọ ọ́ sí. Kí ló dé tí ẹ ṣe ìbàjẹ́ ẹgbẹ́. Ta ló rán yín. Kí ló dé tí a ò fi ní yọ yín. Ó gbọ́ ọ tán, kò dá mi dúró níbì kankan. Ó ní gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ dára, ó ní ọwọ́ yín ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Omi ti lé sí mi lójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ní Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn, àmọ́ mi ò parí ẹ̀, torí mo rántí pé ohun tí mo fẹ́ lọ sọ, àṣírí tiẹ̀ ló wà ní gbólóhùn kejì. Òun náà mọ̀. Ó dìde, ó tún àwọn lẹ́tà mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tò. Ó ní òun ń lọ sí ìkọjá odò, òun á dé kí ọ́fíìsì tó tì. Ó ní ẹ bá mi fèsì sí i. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ bá ṣe rí i pé ó yẹ, tí mo bá dé mo máa buwọ́ lù ú.

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú padà. Ó ní ṣùgbọ́n Ìyá Akọ̀wé, ẹ má pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́.

Bébà funfun ló wà níwájú mi báyìí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ó. Tí mo bá kọ ọ́ pé èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù náà, àwọn mọ́kànlá lè bọ́ nínú wàhálà yìí, ọdún mẹ́rìnlélógún tèmi á lọ síbi tó ń lọ, gbogbo kánsù á sì mọ̀ pé Bàbá Ràímì ti ń ṣí ìwé ìròyìn lásán láti ọgbọ̀n ọdún. Ṣé mo ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ẹni ẹlẹ́ni? Ó ní kí n kọ ọ́ bó bá ṣe yẹ, ṣé ó fún mi láyè ni, àbí ó kàn fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi yan èyí tí mo máa bò? Tí mo bá sì kọ nǹkan míì, nǹkan tó rọra, tí kò kan ẹnikẹ́ni... ó máa buwọ́ lù ú. Ẹ gbọ́? Ohunkóhun tí mo bá kọ, ó máa buwọ́ lù ú, kò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀ àfi ohun tí mo bá kà fún un. Báyìí ló ṣe buwọ́ lu èyí àkọ́kọ́.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ má bú mi pẹ́, mo ti bú ara mi dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ bú mi dé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí bàbá yín náà kò mọ̀wé, ẹ bá mi sọ ọ́. Aago mẹ́ta ti kọjá. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ lójú títì, mo mọ ìró ẹ̀. Bírò wà lọ́wọ́ mi... kí ni kí n kọ?